Ìtàn Àwọn Ìyá Arúgbó

Bí Òyìnbó bá pe ọ̀rọ̀ kan ní ‘old wives’ tale’, ó ní ìtàn àwọn ìyá arúgbó ni, kò ṣeé gbà gbọ́. ‘Wife’ ti ibẹ̀ kì í ṣe ìyàwó o. Obìnrin lásán ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́. Ẹ má sọ ọ́ sí àgbà lójú, ẹ̀gàn wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, lọ́dún 1775, wọ́n bi dókítà William Withering léèrè nípa àgbo tí ìyá arúgbó kan ní Shropshire fi ń wo ara wíwú. Ewé inú rẹ̀ tó 20. Dókítà rí i pé foxglove ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ewé olóró ni. Ó wá ìwọ̀n rẹ̀ títí, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ní 1785. Lára ìbátan ewé yìí ni wọ́n ti ń yọ digoxin, oògùn ọkàn tí àwọn dókítà ṣì ń lò.