Hítà Rẹ Á Pẹ́, Tó O Bá Mọ Irú Omi Tó Ń Mu

Àbúrò mi, sún mọ́ mi kí n sọ ọ́ sí ọ létí: nínú gbogbo ohun èlò tó wà nílé mi, hítà omi ni mo fẹ́ràn jù. Ọyẹ́ ì báà mú, òjò oṣù keje ì báà máa rọ̀ láti Agric dé Ìmọ́tà, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo fi ń wẹ̀. Kódà mo ń fi í wẹ̀ nígbà ooru. Má fi mí rẹ́rìn-ín o!

Ọ̀pọ̀ wa ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ló ń ráhùn pé hítà kì í pẹ́ lọ́wọ́ wa. A ó ní ayédèrú ni wọ́n tà fún wa. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, omi tí hítà ń mu ló pa á, nítorí náà ibẹ̀ la ti máa bẹ̀rẹ̀.

Kọ́kọ́ dán omi rẹ wò. Pọn omi kànga dẹ̀rọ sínú ike funfun lálẹ́, má ṣe dé e. Tílẹ̀ bá mọ́ tó ti pọ́n, tàbí tí ìpẹtà ti silẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ike, irin wà nínú omi rẹ nìyẹn. Atẹ́gùn tó fẹ́ sí i ló jẹ́ kó fara hàn. Ìlànà omi mímu orílẹ̀-èdè wa, NIS 554, kò fẹ́ kí irin ju mílígíráàmù 0.3 lọ nínú lítà kan. Ọ̀pọ̀ kànga àdúgbò wa tún ní omi tó ní èròjà kíkan, tó máa ń jẹ irin díẹ̀díẹ̀. Tó o bá sì ń gbé létí ọ̀sà, tọ́ ọ wò bóyá ó níyọ̀, torí iyọ̀ máa ń jẹ́ kí irin tètè dógùn-ún.

Má fi ti Lọ́ńdọ̀nù ṣe tiwa. Tí ìwé inú páálí hítà bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹfun, ohun funfun tó ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́túlù àwọn ẹbí wa tó wà lọ́hùn-ún ló ń wí. Omi tiwa kì í sábà ní ẹfun tó bẹ́ẹ̀. Ìpẹtà àti ẹrẹ̀ pupa ni ọ̀tá tiwa, nítorí náà má wulẹ̀ da owó rẹ sórí fínígà tí wọ́n fi ń bó ẹfun.

Àṣírí mi gan-an rèé. Ọ̀pá kan wà nínú tánkì hítà tó jẹ́ magnesium. Anode ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Ọ̀pá yìí ni omi kọ́kọ́ máa ń jẹ kó tó kan ara tánkì, bí ẹ̀gbọ́n tó gba pàṣán dípò àbúrò rẹ̀. Ọjọ́ tí ọ̀pá bá tán, ara tánkì ló kàn, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ní kí oníṣẹ́ yọ ọ́ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Tó bá ti tín-ín-rín, tí wáyà àárín rẹ̀ ti yọjú, pààrọ̀ rẹ̀ kíákíá. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó hítà tuntun.

Máa ṣan inú rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Pa iná rẹ̀, jẹ́ kó tutù, kó o sì ti omi tó ń wọlé. Ṣí ẹ̀rọ omi gbígbóná kí atẹ́gùn lè wọlé, kó o wá gbé apá kékeré tó wà lára fáàfù ìsàlẹ̀ sókè, kí omi máa dà sínú korobá. Tó bá dà tán, ṣí omi tó ń wọlé díẹ̀, kó máa ṣan ẹrẹ̀ jáde títí yóò fi mọ́ gaara.

Sẹ́ omi kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Fi fítà sí ẹnu páìpù, kó o sì máa fọ tánkì òkè. Ṣé o mọ Egbin, ilé iṣẹ́ mànàmáná tó wà létí ọ̀sà ní Ìkòròdú níbí? Ooru omi híhó ló ń yí ẹ̀rọ iná wọn láti 1985, títí dé mẹ́gáwáàtì 1,320 tí wọ́n kọ́ ọ fún. Irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í da omi lásán sínú bọ́ílà, wọ́n á kọ́kọ́ yọ gbogbo ìdọ̀tí àti iyọ̀ inú rẹ̀. Ìwọ náà gbìyànjú díẹ̀!

Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí ẹnu fáàfù. Tó bá ń kán tótó nígbà tí omi ń gbóná, má bínú sí i. Omi tó gbóná máa ń wú: nínú tánkì lítà 50, èyí tó ń wú lé díẹ̀ ní ìdajì lítà. Tó o bá dí i, tánkì lè bẹ́. Fi páìpù rọ́bà kékeré gbé omi náà síta, ó parí.

Má tan án lófìfo láéláé. O mọ̀ pé tí iná bá lọ, a ò lè fa omi, tánkì òkè á sì gbẹ. Kí iná tó dé padà, pa súìṣì hítà. Ṣí ẹ̀rọ omi gbígbóná. Tómi bá ń tú yàà, tí kò dá dúró, o lè tan án.

Ahun ni mí tó bá kan owó iná, mo jẹ́wọ́. Láti gbé lítà 50 láti nǹkan bíi 28 dé 60 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, yúnìtì tó ń jẹ sún mọ́ méjì. Nígbà tí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, sọ yúnìtì àwọn oníbàárà Band A di náírà 225 ní oṣù kẹrin 2024, ìyẹn lé ní náírà 400 fún tánkì kan ṣoṣo. Hítà oníwáàtì 1,500 nílò bí wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tan án nígbà tó o fẹ́ wẹ̀, má fi sílẹ̀ mọ́jú.

Ọgọ́ta náà tó. Omi tó wà ní 60 lè bó awọ àgbàlagbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ọmọdé kò tó bẹ́ẹ̀. Omi tútù ni kó o kọ́kọ́ bù sínú ike, kó o tó da gbígbóná lé e.

Ní ti wáyà, jẹ́ kí rìwáyà fún hítà ní wáyà àti súìṣì tirẹ̀, kó sì so earthing rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ dáadáa. Má fi í sí àpótí ìsopọ̀ rárá. Èmi kì í wọ balùwẹ̀ láì kọ́kọ́ pa á.

Èyí tó kẹ́yìn ló dùn mọ́ mi jù: kọ ọjọ́ tó o pààrọ̀ ọ̀pá magnesium sára hítà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú máákà. Lọ́jọ́ tí oníṣẹ́ kan bá dé, tó ní hítà ti kú, kó o ra tuntun, ìwọ á kàn nàka sí déètì náà, wàá sì ní kó kọ́kọ́ yọ ọ̀pá wò.