Ẹ̀KỌ́ WA T'OṢÙ YÌÍ: HÍTA ONÍGÁÀSÌ, IBO LÈÉFÍN RẸ̀ Ń GBÀ JÁDE?

 

Nítorí iná mọ̀nàmọ́ná tí kì í dúró sójú kan, àwọn ilé kan ti ń ra híta tó ń fi gáàsì gbé omi gbóná. A ń tà á l'ọ́jà, a sì ń lò ó n'ílé. Ohun tó dára ni, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Àwọn àgbà ní èéfín ni ìwà, kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Èyí tí à ń sọ yìí yàtọ̀ o. Ó mọ ara á bò.

EWU WO LÓ WÀ NÍBẸ̀?

Gáàsì ni o, èédú ni o, bẹntiróòlù ni o, ohun tó bá ń jó tí kò rí atẹ́gùn tó máa ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde. Àwọn oníṣègùn ń pè é ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ni lójú. Gáàsì inú sílíńdà ń rùn nítorí pé wọ́n fi òórùn sí i, ká lè mọ̀ bó bá ń jò. Ti èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Tí a bá fà á símú, á gba àyè ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀ wa, nítorí ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Orí á máa fọ́ni, òòyì á máa kọ́ni, èébì á máa gbéni. Ẹni tó bá ń sùn lè má jí mọ́.

Ẹ má pe gbogbo rẹ̀ ní ibà. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì ń rọlẹ̀ bí wọ́n bá jáde s'íta, ẹ wo híta yín.

BÍ A ṢE Ń ṢE É

1. Híta tó ń mú atẹ́gùn inú yàrá, ẹ má gbé e s'ínú balùwẹ̀ tàbí yàrá tí ẹ ń sùn sí.

2. Páìpù èéfín gbọ́dọ̀ jẹ́ irin, kó má sì kéré ju ẹnu híta lọ. Páìpù ike tí a fi ń fa omi kò ṣeé lò níbẹ̀.

3. Èéfín gbígbóná a máa lọ sókè ni. Nítorí náà, kí páìpù máa gòkè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìlànà ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni pé nínú ẹsẹ̀ bàtà 1, kó fi ìdámẹ́rin ínǹṣì gòkè, ó kéré tán. Páìpù tó bá tẹ̀ wálẹ̀, èéfín á padà s'ílé.

4. Ẹnu páìpù gbọ́dọ̀ yọ s'íta gbangba, kó jìnnà sí wíńdò. Kò gbọ́dọ̀ parí s'ókè àjà.

5. Híta tó ní fáànù nínú ní ìlànà tirẹ̀. Ohun tí ìwé rẹ̀ bá wí ni kí púlọ́mbà ṣe.

6. Iná náà ń mí bí àwa. Bí híta bá wà nínú yàrá kékeré, ẹ da ihò méjì sí i, ọ̀kan nítòsí àjà, ọ̀kan nítòsí ilẹ̀. Ẹ má fi aṣọ dí wọn nígbà ọyẹ́.

Iná tó dára, búlúù ni. Bó bá di yẹ́lò, tàbí tí ẹ rí dúdú lára ògiri, ẹ pa á, kí ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́.

Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Òun kò ní páìpù tó lè mú kó yẹ inú ṣọ́ọ̀bù tàbí kọ́rídọ̀. Ìta ni ààyè rẹ̀, kó fi 20 ẹsẹ̀ bàtà jìnnà sí ilẹ̀kùn àti wíńdò, ti aládùúgbò náà pẹ̀lú.

BÓ BÁ ṢẸLẸ̀ ŃKỌ́?

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ pa gáàsì, ẹ gbé ẹni náà s'íta, ẹ sáré lọ sí ọsibítù. Ẹ má dá epo pupa tàbí mílíìkì sí i l'ẹ́nu. Inú ẹ̀jẹ̀ ni oró yìí wà, kì í ṣe inú ikùn. Ọ́síjìn ọsibítù ló ń lé e.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ tọ́jú ọmọ tuntun ní London, òfin ibẹ̀ ni pé kí onílé tó fi ilé háyà pe ẹni tó wà nínú ìwé Gas Safe wá yẹ ẹ̀rọ gáàsì rẹ̀ wò l'ọ́dọọdún. Ẹ ní kí àwọn ọmọ béèrè ìwé ẹ̀rí náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta híta nínú wa, ẹ̀bẹ̀ la bẹ̀ yín. Bí kọ́sítọ́mà bá ní òun kò ra páìpù nítorí owó, ẹ má kàn gba owó híta kí ẹ dákẹ́. Ẹ sọ ewu rẹ̀ fún un. Èrè ọjọ́ kan kò tó ẹ̀mí ènìyàn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ: (1) Kí ló dé tí a kò lè gbóòórùn èéfín yìí? (2) Kí ló dé tí páìpù gbọ́dọ̀ máa gòkè? (3) Ta ló ń sùn nítòsí jẹnẹrétọ̀ ní àdúgbò yín?

Ilé kò ní dá wa l'óró o. Àṣẹ.