Èdè-Ìperí fún Lílé Èèrà Kúrò ní Ilé Ìdáná: Àyẹ̀wò 'Ayaba', 'Oògùn' àti 'Ìjẹ'

1.0 Ìfáàrà

Láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀ ní 1970, tí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún máa ṣiyèméjì pé èdè wa lè ru ẹrù ìmọ̀. Ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti ìkejì rẹ̀ tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, ti la ọ̀nà fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ṣùgbọ́n sáyẹ́ǹsì kò mọ sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ó dé ìdí ààrò pẹ̀lú.

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni èèrà tí ń ya wọ ilé ìdáná. Àdúgbò Old Garage ní Òṣogbo ni a óò fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọlọ́jà àti èrò pọ̀ níbẹ̀. Ibi tí búrẹ́dì, ṣúgà, epo àti ẹja bá sì ti ń wọlé tí ó ń jáde, èèrà kò ní ṣàì tẹ̀ lé wọn. Ìpolówó tí a máa ń gbọ́ ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ni 'oògùn eku, oògùn aáyán, oògùn èèrà'. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, 'oògùn', ni ọlọ́jà fi ń pe ohun tí ń pa kòkòrò àti ohun tí ń wo ibà sàn. Èrò tiwa ni pé ewu wà nínú èyí, àti pé kí á tó lè kọ ìlànà tí ó péye fún onílé, ó yẹ kí á kọ́kọ́ tún orúkọ àwọn nǹkan náà yẹ̀ wò.

2.0 Èèrà kì í ṣe ikán

Yorùbá ti ṣe ìpínsísọ̀rí tirẹ̀ kí sáyẹ́ǹsì ìwé tó dé. A mọ ìjàlọ tí ń rìn lọ́wọ̀ọ́wọ́. A mọ ìkamùdù, dúdú tí ń rùn. A mọ tanpẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ tí oró rẹ̀ kì í tètè rọlẹ̀. A sì mọ èèrà wẹ́wẹ́ inú ṣúgà. Ìdílé kan náà, Formicidae, ni onísáyẹ́ǹsì kó gbogbo wọn sí, wọ́n sì jẹ́ ìbátan oyin àti agbọ́n. Ikán kò sí nínú wọn. Ìbátan aáyán ni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pe ikán ní 'white ant' fún ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n Yorùbá kò pe ikán ní èèrà rí. Atúmọ̀-èdè tí ó bá kọ 'èèrà funfun' nítorí pé ó rí i nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì ti ba ohun tí ó tọ́ jẹ́. Igi ni ikán ń bá jà. Adùn, ọ̀rá àti ẹran ni èèrà ń wá. Ohun tí a ó fi dènà ọ̀kan kọ́ ni a ó fi dènà èkejì.

Méjì nínú èèrà tí ń gbé inú ilé ni a óò dárúkọ. Èkíní ni Monomorium pharaonis, tí Linnaeus sọ lórúkọ ní 1758. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, gígùn rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi mìlímítà 2 lọ. Èkejì ni Pheidole megacephala, ọmọ bíbí ilẹ̀ Áfíríkà, tí orí àwọn kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tóbi ju ara wọn lọ. A dábàá 'èèrà olórí-ńlá' fún un. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé kíkó oúnjẹ nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ èèrà: ní 1972, S. H. Beatson fi hàn pé Monomorium pharaonis ń gbé kòkòrò àrùn kiri nínú ilé ìwòsàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

3.0 Òórùn-atọ́nà

Èèrà tí ó rí ṣúgà kì í dá a jẹ. Bí ó ti ń padà sí ihò ni ó ń fi ìdí ara rẹ̀ kan ilẹ̀, tí ó ń fi ohun kan sílẹ̀ tí imú tiwa kò lè gbọ́, ṣùgbọ́n tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń tọ̀. Ní 1959, Peter Karlson àti Martin Lüscher ṣẹ̀dá orúkọ fún gbogbo irú ohun bẹ́ẹ̀. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí 'gbígbé' àti èyí tí ó túmọ̀ sí 'títa jí', wọ́n sì so wọ́n pọ̀ di 'pheromone'.

Ọ̀nà méjì ni ó wà fún wa. A lè yá ọ̀rọ̀ náà wọlé ní 'fẹ́rómóònù'. A sì lè ṣẹ̀dá tiwa. Àbá wa ni pé kí á lo méjèèjì, kí olúkúlùkù sì mọ ipò rẹ̀. Kí 'fẹ́rómóònù' dúró fún odidi ìsọ̀rí náà. Kí 'òórùn-atọ́nà' dúró fún èyí tí ń fi ọ̀nà oúnjẹ han èèrà, kí 'òórùn-ìdágìrì' sì dúró fún èyí tí ń ta wọ́n jí nígbà ewu. Onílé tí ó bá gbọ́ 'òórùn-atọ́nà' yóò mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ìdí tí ìgbálẹ̀ nìkan kò fi tó: èèrà ni ìgbálẹ̀ gbá lọ, ọ̀nà ṣì wà nílẹ̀. Omi àti ọṣẹ ni ń fọ̀ ọ́ kúrò.

4.0 Ayaba tàbí ìyá-agbo?

Nínú ìwé ẹ̀kọ́, 'ayaba' ni a sábà máa ń pe èyí tí ń yé ẹyin láàrin èèrà. Aya ọba ni ayaba. Ṣùgbọ́n níbo ni ọba náà wà? Akọ èèrà kì í pẹ́ kú lẹ́yìn tí ó bá ti gun abo; abo náà a sì fi àtọ̀ rẹ̀ pamọ́ sínú ara fún ìyókù ayé rẹ̀. Kò sí ọba nínú ihò èèrà. Ti ikán ló yàtọ̀: akọ àti abo jọ ń gbé inú ọ̀gán ni. A lè sọ 'ọba ikán' àti 'ayaba ikán' láìsọ àsọdùn. Ní ti èèrà, a dábàá 'ìyá-agbo', nítorí pé ẹyin ni ó ń yé, kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni.

Ìyàtọ̀ yìí ní ìwúlò ní ilé ìdáná. Ẹni tí ó gbọ́ 'ayaba' yóò rò pé ẹyọ kan ni, bí a bá sì ti pa á, agbo tú. Nínú agbo Monomorium pharaonis, ìyá-agbo pọ̀. Bí a bá fín apakòkòrò tí ń lé wọn sá, àwọn òṣìṣẹ́ a gbé ẹyin àti ọmọ, wọn a sì pín sí agbo méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí ni a pè ní 'pípín-agbo'. Onílé rò pé òun ń pa èèrà, ó ń sọ ọ́ di púpọ̀ ni.

5.0 Oògùn, májèlé àti ìjẹ

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀mí nìyí. Díkílọ́fọ́ọ̀sì, tí ó wà nínú Sniper, wà lára ohun tí àwọn ènìyàn ń dà sí igun ilé ìdáná. Ètò iṣan ara kòkòrò ni ó ń dà rú. Ètò iṣan ara ènìyàn kò sì yàtọ̀ lójú rẹ̀. A lè mu ún, a lè fà á símú, ó sì lè gba ara wọlé. Ní 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa á nínú ìgò kékeré tí kò ju mìlílítà 100 lọ.

Ọ̀rọ̀ tí a wá fi ń pe irú ohun bẹ́ẹ̀ ni 'oògùn', èyí tí ìyá ń pe ohun tí ó ń rọ sí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu. Òótọ́ ni pé 'oògùn' gbòòrò: ti ìwòsàn wà níbẹ̀, ti ìbàjẹ́ náà wà níbẹ̀. Àgbà mọ èyí tí a ń sọ. Ọmọdé lè má mọ̀ ọ́n. Ẹlòmíràn lè sọ pé 'oògùn apakòkòrò' ti di mọ́ọ́lí sí gbogbo ẹnu, pé ọlọ́jà kò sì ní gbà láti máa polówó májèlé. A kò bá a jiyàn. Kí ọ̀rọ̀ ẹnu máa bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n lára ìgò, nínú ìwé ìlànà àti nínú ìwé ẹ̀kọ́, kí 'májèlé' ṣáájú: 'májèlé èèrà', 'májèlé eku'. Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ 'májèlé' tí yóò na ọwọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni 'ìjẹ', èyí tí apẹja ń fi sẹ́nu ìwọ̀. Èèrà máa ń pọ oúnjẹ olómi láti inú wá fún ara wọn lẹ́nu. William Morton Wheeler sọ ìṣe yìí ní 'trophallaxis' ní 1918. A dábàá 'ìfẹnubọ́ra' fún un. Nípa ìfẹnubọ́ra ni májèlé díẹ̀ tí a pò mọ́ adùn fi ń dé ọ̀dọ̀ ìyá-agbo tí kì í jáde. A pe irú àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀ ní 'ìjẹ-májèlé'. Bí májèlé inú rẹ̀ bá pọ̀ jù, òṣìṣẹ́ yóò kú sọ́nà, kò sì ní gbé e délé.

6.0 Àpẹẹrẹ ìlànà

Bí a bá lo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ìlànà fún onílé kan ní Old Garage lè lọ báyìí:

(i) Tọ ipa èèrà títí dé ibi tí ó ti ń wọlé. Má ì tíì pa á.
(ii) Po gíráàmù 1 ásíìdì bọ́ríìkì àti gíráàmù 10 ṣúgà mọ́ mìlílítà 100 omi. Ìjẹ-májèlé nìyí. Kọ 'MÁJÈLÉ' sára ohun tí o pò ó sí. Má ṣe pò ó sínú ìgò omi mímu tàbí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò.
(iii) Fi òwú rẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, kí o gbé e sí ẹ̀bá ipa èèrà, níbi tí ọwọ́ ọmọdé àti ẹnu ẹran ọ̀sìn kò lè tó. Má fín ohunkóhun sí ibẹ̀.
(iv) Máa pààrọ̀ rẹ̀ títí èèrà yóò fi dáwọ́ dúró. Ó lè gbà ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.
(v) Lẹ́yìn náà, fi omi àti ọṣẹ fọ òórùn-atọ́nà kúrò, kí o sì dí ihò ògiri.
(vi) De ṣúgà àti búrẹ́dì sínú ohun tí ó ní ìdérí. Gbé ẹsẹ̀ tábìlì oúnjẹ sínú agolo omi, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe, kí o sì máa pààrọ̀ omi náà kí ẹ̀fọn má baà yé sí i.

Nínú ilé tí ọmọ kékeré bá wà tí kò sì sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó, kí á fi (ii) sí (iv) sílẹ̀, kí á sì di (v) àti (vi) mú. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti èèrà.

7.0 Ìgúnlẹ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun nìkan ni iṣẹ́ èdè-ìperí ń wá. Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ àtijọ́ bí 'ìjẹ' àti 'májèlé' ti wà nílẹ̀ tí ó ń retí ipò rẹ̀. Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ tí ó ti mọ́ wa lára, bí 'ayaba' àti 'oògùn', ni ó yẹ kí á dín ààlà rẹ̀ kù. A ń fẹ́ kí àwọn olùkọ́ dán àwọn àbá wọ̀nyí wò níwájú kíláàsì, kí àwọn atúmọ̀-èdè sì dán wọn wò lára ìgò àti páálí. Èyí tí kò bá yé onílé tí ń dáná, kí wọ́n fi tó wa létí, kí á lè tún un ṣe. Ní ti 'májèlé' nìkan ni a bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe dúró de àtúnṣe kankan.