Ìdákọ̀ró tàbí Èèkàn? Àbá lórí Orúkọ Ẹ́ńsáìmù Tí Ń So Ọ̀rá mọ́ Purotéènì

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí ni orúkọ tí ó yẹ kí á fún ìdílé ẹ́ńsáìmù kan nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní DHHC. Ẹ̀yà 23 ni ó wà nínú ìdílé náà. Iṣẹ́ wọn ni láti so ọ̀rá oníkábọ́ọ̀nù 16 mọ́ ara purotéènì. Ọ̀rá yìí kò ṣàjèjì sí wa: ó pọ̀ nínú epo pupa, ara ọ̀pẹ ni a sì ti fa orúkọ rẹ̀ yọ ní èdè Látìn. Ó máa ń wọnú awọ sẹ́ẹ̀lì, tí òun náà jẹ́ ọlọ́ràá, a sì dá purotéènì dúró síbẹ̀.

Ẹnìkan lè dá a lábàá pé kí á pe ọ̀rá náà ní èèkàn. A kò fara mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí á fi etí òkun Ìlàjẹ, bí i Ayétòrò, ṣe àpẹẹrẹ. Èèkàn tí a so ọkọ̀ mọ́ kì í bá ọkọ̀ lọ. Inú ẹrẹ̀ ni ó ń gbé. Ìdákọ̀ró ni apẹja ń gbé kiri, tí ó sì ń jù sómi níbi tí ó bá fẹ́ dúró. Bákan náà, ara purotéènì ni ọ̀rá yìí wà, kì í ṣe ara awọ.

Èkejì, ìdúró náà kì í ṣe títí láé. Purotéènì N-Ras, tí ń jíṣẹ́ ìdàgbàsókè fún sẹ́ẹ̀lì, a máa gba ọ̀rá ní ẹ̀yà sẹ́ẹ̀lì tí ń jẹ́ Golgi, a sì lọ sí awọ òde. Lẹ́yìn èyí ni ẹ́ńsáìmù mìíràn yóò yọ ọ̀rá náà, tí purotéènì yóò sì padà sí Golgi.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá eré èdè. Ní 2007, a fi hàn pé àbùkù lára jíìnì ZDHHC9 ń fa ìṣòro òye fún àwọn ọmọkùnrin nínú àwọn ìdílé kan. Olùtumọ̀ tí yóò ṣàlàyé èyí fún ìyá ọmọ kò gbọdọ̀ sọ pé èèkàn kan ni ó ṣẹ́. Ẹni tí ń so ìdákọ̀ró ni kò lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ.

Àbá wa nìyí:
(i) ọ̀rá náà: ìdákọ̀ró ọlọ́ràá;
(ii) ẹ́ńsáìmù tí ń so ó: asòdákọ̀ró, gẹ́gẹ́ bí a ti rí wòran láti ara wo ìran;
(iii) ẹ́ńsáìmù tí ń yọ ọ́: ayọ̀dákọ̀ró.

Àfiwé náà ní ààlà. Apẹja a máa fa ìdákọ̀ró padà sínú ọkọ̀; ní ti purotéènì, ńṣe ni a ń gé e kúrò. Ìdí nìyí tí a fi yan yọ, tí a kò yan fà. Ó yẹ kí olùkọ́ la ààlà yìí yé akẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó lo àwọn ọ̀rọ̀ náà.