Kámẹ́rà, Kọ̀ǹpútà àti Alárinà Wọn

Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú àpilẹ̀kọ yìí kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń bá pàdé nínú ìwé ẹgbẹ́ wa. Kámẹ́rà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé, ṣọ́ọ̀bù àti ilé ẹ̀kọ́ ti pọ̀ láàárín wa. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ni wọ́n gbà pé inú áàpù ilé-iṣẹ́ tó ṣe kámẹ́rà nìkan ni a ti lè rí ohun tí ó ń rí. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí kámẹ́rà bá gbọ́ èdè RTSP, ẹni tó ni ín lè fi kọ̀ǹpútà ara rẹ̀ wò ó, láìjẹ́ pé àwòrán ilé rẹ̀ kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni lókè òkun.

Kí ni RTSP? Ìlànà ìbánisọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1998 ni. Mo fi í wé alárinà, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ kì í sábà ru àwòrán. DESCRIBE ni ó fi ń béèrè irú fídíò tó wà nílé; SETUP ni ó fi ń ṣètò ọ̀nà; PLAY ni ó fi ń ní kí fídíò máa bọ̀; TEARDOWN ni ó fi ń dágbére. RTP ló ń ru ẹrù. Alárinà tiwa a máa yẹ̀ba bí àwọn méjèèjì bá ti mojú ara wọn, ṣùgbọ́n RTSP kì í lọ títí a ó fi tú ìpàdé náà ká.

Irinṣẹ́ méjì ni mo máa ń lò. Èkínní ni VLC, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ École Centrale Paris bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní 1996 (akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ni wọ́n o!). Èkejì ni ffplay, tó wà lára FFmpeg tí Fabrice Bellard dá sílẹ̀ ní 2000. Nínú VLC, a ó tẹ Ctrl àti N pọ̀, a ó sì kọ àdírẹ́sì sínú àpótí tó yọ. Ní ti ffplay, àṣẹ ni a ó kọ:

ffplay -rtsp_transport tcp rtsp://oruko:asina@192.168.1.64:554/Streaming/Channels/101

Ẹ jẹ́ kí á tú u wò. Orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tí a fi ń wọlé ló ṣíwájú, 192.168.1.64 ni nọ́ńbà kámẹ́rà nínú ilé. 554 ni ẹnu ọ̀nà tí RTSP sábà máa ń gbà. Ìyókù ni yàrá tí fídíò wà, ibẹ̀ ló sì ń da ènìyàn láàmú, nítorí pé bó ṣe wu ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń sọ yàrá tirẹ̀ lórúkọ. Ti Hikvision ni mo kọ yìí: 101 ni àwòrán tó mọ́ kedere, 102 ni èyí tó fúyẹ́. Ti Axis ni /axis-media/media.amp. Mo fi tcp sí i nítorí pé bí Wi-Fi kò bá lágbára, ọ̀nà UDP a máa sọ díẹ̀ nínú ẹrù nù, àwòrán a sì dàrú.

Fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, mo fẹ́ràn ffplay ju VLC lọ, nítorí pé bí kámẹ́rà bá kọ̀, ó máa ń sọ irú kíkọ̀ tó jẹ́. 404 ń wí pé a dé ilé, ṣùgbọ́n kò sí yàrá tí a dárúkọ. "Connection refused" ń wí pé kò sí ẹni tó ń dáhùn lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Bí ó bá dákẹ́ títí àkókò fi kọjá, ó ṣeé ṣe kí a má tilẹ̀ tíì dé ilé náà. 401 sì ń wí pé onílé wà nílé, ṣùgbọ́n kò mọ̀ wá rí.

401 yìí ni gbogbo ààbò ilé rọ̀ mọ́. Àdírẹ́sì tí mo kọ sókè yẹn, olè náà lè kọ ọ́, bí ọ̀rọ̀ aṣínà tó bá kámẹ́rà wá láti ilé-iṣẹ́ bá ṣì wà níbẹ̀. Ní 2016, ètò búburú kan tí wọ́n ń pè ní Mirai gba ẹnu ọ̀nà Telnet wọ inú àìmọye kámẹ́rà, kò sì lò ju nǹkan bí 60 orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà irú bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún náà, wọ́n fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kọlu ilé-iṣẹ́ Dyn ní Amẹ́ríkà, Twitter àti Netflix sì di ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè dé.

Nítorí náà, kí á pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà kí á tó so kámẹ́rà mọ́ ohunkóhun, kí á má sì ṣí 554 sí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé RTSP lásán kì í bo àwòrán lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ wo ilé rẹ̀ láti ìlú mìíràn, VPN ni kí ó kọ́kọ́ gbà wọlé. Lẹ́yìn náà, àṣẹ kan náà ni yóò kọ.