Òdòdó Àna Rẹ Tó Wà ní Leadville

Adéwálé ọmọ mi,

Mo gbọ́ pé o fẹ́ fi òdòdó tútù ránṣẹ́ sí àna rẹ ní Leadville, ní orí òkè Colorado, fún Ọjọ́ Ìyá tí àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń ṣe ní ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù Karùn-ún. (Ti ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó máa ń bọ́ sínú Lẹ́ńtì, ti kọjá ní tiẹ̀, má da méjèèjì pọ̀.) Ìmọ̀ràn mi kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tí yóò gbé òdòdó náà dé ẹnu ọ̀nà wọn gan-an ni kí o bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe alárinà tó jókòó sí ìlú mìíràn.

Púpọ̀ jù lọ nínú òdòdó tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, Colombia àti Ecuador ló ti ń wá. Bàálù a gbé e dé Miami, ọkọ̀ tí inú rẹ̀ tutù bíi fíríìjì a sì kó o lọ sí àwọn ìlú ńlá. Títí dé Denver, ẹrù náà wà lọ́wọ́ àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn. Ibi tó kù ló le. Leadville ga ju ojú òkun lọ ní ohun tó lé ní mítà 3,000. Láti Denver, ìrìn bíi kìlómítà 160 ni. Ọkọ̀ yóò gba ihò Eisenhower kọjá lábẹ́ òkè, yóò tún gun Fremont Pass tó ga tó mítà 3,450. Òjò dídì ṣì ń rọ̀ níbẹ̀ nínú oṣù Karùn-ún. Róòsì fẹ́ràn òtútù, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí omi inú rẹ̀ bá dì, ó parí nìyẹn. Anthurium kò tilẹ̀ fẹ́ kí òtútù tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ta òdòdó ní Buena Vista, nísàlẹ̀ àfonífojì, kò ní òkè kankan láti gùn kọjá: títì US 24 bá odò Arkansas rìn gòkè lọ ni, bíi kìlómítà 55. Nítorí náà, bí o kò bá rí ṣọ́ọ̀bù ní Leadville fúnra rẹ̀, Buena Vista ni kí o wò kí o tó ronú kan Denver.

O lè ní ìkànnì ńlá ti fi àwòrán dáradára hàn ọ́, pé kí ni wàhálà fóònù. N kò pe iṣẹ́ wọn ní jìbìtì. Láti 1910 ni àwọn olùtajà òdòdó Amẹ́ríkà ti dá ẹgbẹ́ FTD sílẹ̀ láti máa fi tẹligíráàmù ránṣẹ́ ọjà síra wọn, ó sì wúlò gan-an láyé tí fóònù ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba owó rẹ sábà máa ń yọ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún. Nínú dọ́là 100, bíi 80 ló kù, ẹgbẹ́ náà yóò sì yọ tirẹ̀ nínú rẹ̀. Èyí tó ṣẹ́kù ni ṣọ́ọ̀bù yóò fi di òdòdó, àwòrán tí o rí kò sì ní yí padà. Àwọn ìkànnì mìíràn tilẹ̀ ń fi orúkọ ìlú kékeré pe ara wọn nígbà tí wọn kò ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ṣòfin lòdì sí i.

Èyí tí wọ́n ń dì sínú páálí ńkọ́, tí ọlọ́kọ̀ ń já sílẹ̀? Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni nílé, ìta ni yóò wà nínú òtútù. Yàtọ̀ sí èyí, àpótí ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ará ìlú orí òkè ń lò, àdírẹ́sì tó wà lọ́wọ́ rẹ lè má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òdòdó kò wọ àpótí. Bi ìyàwó rẹ ní orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ilé.

Àwọn ará ilé yóò ní owó ló yẹ kí o fi ránṣẹ́, pé ohun tó ń rọ kì í ṣe ẹ̀bùn. Lọ́dọ̀ wa, mo gbà. Àmọ́ àna rẹ kì í ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú. Owó lójijì lè dà bí àánú lójú wọn.

Pe ṣọ́ọ̀bù náà ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, nítorí ọ̀sẹ̀ Ọjọ́ Ìyá ni ọwọ́ wọn máa ń dí jù. Sọ iye tí o ní àti àwọ̀ tí àna rẹ fẹ́ràn, kí o sì jẹ́ kí olùtajà yan èyí tó tutù jù. Bó bá dárúkọ carnation tàbí alstroemeria, má rojú: wọ́n lè lo ọ̀sẹ̀ méjì bí a bá ń pààrọ̀ omi wọn, carnation sì jẹ́ òdòdó tí Colorado fi lókìkí kí ti Colombia tó fi owó pọ́ọ́kú gba ọjà lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá ní Sátidé ni ọkọ̀ àwọn ń gòkè lọ, gbà á bẹ́ẹ̀.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.