Bí Fláwà àti Mílíìkì Bá Kọ̀ Ọ́ Lára

Bóyá dókítà ló sọ fún ọ, bóyá ìwọ fúnra rẹ lo ṣàkíyèsí pé bí o bá ti jẹ búrẹ́dì tàbí tí o mu tíì oní-mílíìkì, inú rẹ á wú, á máa kùn, ìgbẹ́ gbuuru á sì tẹ̀lé e. O ti wá ń bẹ̀rù gbogbo ilé oúnjẹ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, o ń fi ànàmọ́ àti omi gbé ara ró. Wàhálà gidi ni, n kò ní fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n fi iyán àti ẹ̀kọ tọ́ kò yẹ kó fi ebi sùn nítorí fláwà. Fara balẹ̀, kí o gbọ́ mi.

1. Ṣe àyẹ̀wò kí o tó ṣíwọ́ jíjẹ àlìkámà. Àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní coeliac. Bí gluten, èyí tó wà nínú àlìkámà, ọkà bálì àti ráì, bá ti wọ inú ẹni tó ní in, ara rẹ̀ á dìde ogun sí ìfun ara rẹ̀. Àmì ogun yẹn ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń wá. Bí o bá ti ṣíwọ́ fún oṣù mélòó kan kí o tó dé ọsibítù, àmì náà lè ti pòórá, wọn á ní kò sóhun tó ṣe ọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń ní kí ènìyàn máa jẹ ẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 6, ó kéré tán, kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ti mílíìkì náà, bèèrè èyí tó ń ṣe ọ́ gan-an. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ilẹ̀ wa ni inú wọn kò lè da ṣúgà inú mílíìkì, èyí tí wọ́n ń pè ní lactose. Ìyẹn á yọ ọ́ lẹ́nu, kò ní pa ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ kọ mílíìkì pátápátá, tí ọ̀fun rẹ̀ ń wú bó ti fẹnu kàn án, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni tirẹ̀. Mílíìkì tí wọ́n kọ "lactose-free" sí lára lè bá ẹni àkọ́kọ́ lára mu, kò dín ewu kankan kù fún ẹnì kejì.

2. Oúnjẹ ilé ni kí o kọ́kọ́ sá lọ bá. Àwọn àgbà ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Yẹ òwe yẹn wò dáadáa. Iṣu ni iyán, èlùbọ́ ni ọkà, àgbàdo ni ẹ̀kọ àti gúgúrú. Kò sí fláwà níbẹ̀, kò sí mílíìkì níbẹ̀, ó sì gbé àwọn tó bí wa ró títí wọ́n fi darúgbó. Ọjọ́ tí o bá ti ibi iṣẹ́ bọ̀ tó ti rẹ̀ ọ́ tẹnutẹnu, yà sí Rye Lane ní Peckham. Ra ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata, àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú, dùndú àti ata díndín, tàbí ẹ̀wà àgànyìn láìsí búrẹ́dì. Bí wọ́n bá ń sun bọ̀ọ̀lì, rà á kí o fi ẹ̀pà jẹ ẹ́. Bí o bá sì wọlé lọ́wọ́ òfo, bomi tútù sí gàrí, fi ẹ̀pà àti ẹja díndín sí i, yó. Mílíìkì tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń dà lé e kọ́ ló ń mú gàrí dùn.

3. Ohun tí wọ́n fi kún oúnjẹ ni kí o máa ṣọ́. Nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, bí o bá máa gbàgbé ìyókù, má gbàgbé èyí. Iṣu kò ní ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Ẹni tó sè é ló lè fi nǹkan sí i. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé bákan náà ni sẹ̀mó àti fùfú: àlìkámà ni sẹ̀mó. Màgí ńkọ́? Yí páálí rẹ̀ padà kí o ka ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí irú kan wà tó ní àlìkámà nínú, irú mìíràn kò ní. Kọ́rì náà bẹ́ẹ̀, yájì tí wọ́n fi ń ṣe ṣúyà náà bẹ́ẹ̀. Àwọn alákàrà kan máa ń po fláwà díẹ̀ mọ́ ẹ̀wà kó lè pọ̀ sí i. Dòdò tí kò lẹ́bi kankan, bí wọ́n bá dín in nínú epo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó pọ́fù-pọ́fù jáde nínú rẹ̀, kì í ṣe tìrẹ mọ́. Wo inú agbada kí o tó sanwó: bí o bá rí èérún fláwà tó ti jóná tó ń yí káàkiri ojú epo, máa bá tìrẹ lọ. Jọ́lọ́ọ̀fù òde àríyá, bọ́tà ni ọ̀pọ̀ alásè fi ń parí rẹ̀. Móòtù tí wọ́n ń gbé fún ẹni tí kì í mu ọtí, ọkà bálì wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Milo ní bálì, ó tún ní mílíìkì. Ẹnìkan á sọ fún ọ pé "díẹ̀ ni, kò lè ṣe ọ́ ní nǹkan". Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oúnjẹ tí wọ́n bá kọ "gluten-free" sí lára kò gbọdọ̀ ní ju mílígíráàmù 20 gluten lọ nínú kílò kan. Ìwọ̀n tí òfin gbà nìyẹn, o lè fojú inú wo bí díẹ̀ tí wọ́n ń sọ ṣe pọ̀ tó.

4. Bèèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ. Ojú ń ti ọ̀pọ̀ nínú yín láti bèèrè, ẹ̀rù èyí sì ń bà mí. Ní oṣù April ọdún 2017, Owen Carey, ọmọ tó pé ọdún 18 lọ́jọ́ náà gan-an, jẹ adìẹ ní ilé oúnjẹ kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti sọ fún wọn pé ara òun kọ mílíìkì. Mílíìkì kíkan ni wọ́n sì ti fi rẹ adìẹ náà kí wọ́n tó sè é. Ìwé oúnjẹ tí wọ́n gbé fún un kò sọ bẹ́ẹ̀. Kò rí alẹ́ ọjọ́ ìbí rẹ̀. Nítorí náà, má bèèrè pé "ṣé ó dáa fún mi?" Kò sí ọlọ́jà tó máa ní ọjà òun kò dáa. Bèèrè pé: kí lẹ fi rẹ ẹran yìí? Epo wo lẹ fi dín in, kí lẹ sì ti dín nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀? Bí ọmọ tó dúró nídìí owó kò bá mọ̀, ní kó bá ọ pe ẹni tó sè é. Bí màmá tó ń ta á bá jẹ́ ọmọ ilé wa, kí i dáadáa ná: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ má bínú mà, ara mi kọ fláwà àti mílíìkì, ṣé kò sí nínú ọbẹ̀ yìí?" Inú rẹ̀ á yọ́. Òfin wà lẹ́yìn rẹ pẹ̀lú. Láti oṣù December ọdún 2014, ẹni tó bá ń ta oúnjẹ ní Bìrìtéènì gbọ́dọ̀ lè sọ fún ọ bóyá ọ̀kankan nínú nǹkan 14 kan wà nínú rẹ̀, ọkà tó ní gluten àti mílíìkì sì wà lára wọn. Bí o bá rà á lórí fóònù tàbí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kí o mọ̀ kí o tó sanwó, kí wọ́n sì tún jẹ́ kí o mọ̀ nígbà tí wọ́n bá gbé e dé. Ẹni tó bá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ní "á dáa", dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o máa lọ.

5. Láàárín àwọn àjèjì, mọ ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ sún mọ́ tiwa. Kẹ́ńkẹ́ àwọn ará Gánà, àgbàdo ni. Dosa àwọn ará gúúsù Íńdíà, ìrẹsì àti ẹ̀wà wẹ́wẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ní kí wọ́n má fi ghee pa á lára, nítorí bọ́tà ni ghee, kí o sì bèèrè nípa èròjà tí wọ́n ń pè ní asafoetida, fláwà ni wọ́n sábà máa ń pò mọ́ ọn. Injera àwọn ará Ethiopia, ọkà teff ni wọ́n fi ń ṣe é, àmọ́ lókè òkun àwọn kan ń fi àlìkámà tàbí bálì lú u. Ọbẹ̀ àgbọn àwọn ará Thailand pẹ̀lú ìrẹsì funfun sábà máa ń dára. Ti àwọn ará Ṣáínà ló gba ìṣọ́ra jù, nítorí àlìkámà wà nínú ọ̀pọ̀ soy sauce, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọbẹ̀ tí wọn kì í dà á sí. Ẹja àti ṣípíìsì òyìnbó, fláwà ni wọ́n fi wé ẹja náà, epo kan náà ni wọ́n sì sábà fi ń dín ṣípíìsì. Kọjá ibẹ̀.

6. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá dé Salvador ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, wàá bá àkàrà wa níbẹ̀, acarajé ni wọ́n ń pè é, ẹ̀wà àti epo pupa náà ni. Jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ní kí wọ́n má fi ọbẹ̀ kíki tí wọ́n ń pè ní vatapá sí i, nítorí búrẹ́dì tàbí fláwà ni wọ́n sábà fi ń mú un ki. Ní ti oúnjẹ inú páálí, òfin Brazil ti ọdún 2003 ti pàṣẹ kí wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ bóyá gluten wà níbẹ̀ tàbí kò sí.

7. Se sílẹ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tí ebi ń pa kì í ka ẹ̀yìn páálí. Lọ́jọ́ Sunday, se ìkòkò ata díndín kan, se mọ́ínmọ́ín, pín wọn sínú ike kéékèèké, kó wọn sínú fìrísà. Bí o bá dé lálẹ́, ìrẹsì nìkan ló kù láti gbé kaná.

8. Ní òde àríyá, sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bu oúnjẹ. Láàárín tiwa, ẹni tó ti abọ́ sẹ́yìn níwájú àgbà ti fi àbùkù kàn án, bí kò tilẹ̀ ní i lọ́kàn. Pe ẹni tó ń náwó ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú: "Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ mà. Dókítà ní n kò gbọdọ̀ fẹnu kan fláwà àti mílíìkì. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé wọ́n lè bá mi bu ìrẹsì funfun àti ọbẹ̀ sọ́tọ̀?" Kò sí ìyá tó máa gbọ́ èyí tí kò ní wá nǹkan ṣe sí i. Bí ìyá àgbà mìíràn bá tún takú pé dandan ni kí o jẹ nínú kéèkì òun, má bá a jiyàn. Fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, kí o kúnlẹ̀ tàbí kí o dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́, kí o bá a wé e sínú nylon fún ẹlòmíràn nílé, kí o sì jẹ́ kó rí ọ tí ò ń jẹ mọ́ínmọ́ín tí o gbé wá.